A Kì Í Fárí Lẹ́yìn Olórí: Ìmọ̀ Ẹ̀rọ, Àtinúdá àti Iṣẹ́ Àwọn Àjọ Aláàánú Lágbàáyé

(Ọ̀rọ̀ tí mo sọ níwájú àpéjọ àwọn òṣìṣẹ́ àjọ aláàánú nìyí. Bí mo ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀. Ibi tí mo ti ń wúkọ́ nìkan ni mo yọ kúrò.)

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjokòó, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí fóònù ò kúrò lọ́wọ́ yín láti ìgbà tí a ti jókòó, mo kí gbogbo yín pátá. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìkàlẹ̀. Alága ní kí n má ṣe ju ogójì ìṣẹ́jú lọ. Màá gbìyànjú, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹni tí wọ́n bá gbé gbohùngbohùn lé lọ́wọ́ kì í tètè rántí aago.

Àkọlé tí wọ́n fún mi gùn díẹ̀: bí àwọn àjọ tí kì í wá èrè ṣe ń fi ìmọ̀ ẹ̀rọ àti àtinúdá tún ayé ṣe. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo wá bi ara mi pé: ta ló ni ayé tí a fẹ́ tún ṣe yìí? Ṣé àwa tí ẹ̀rọ wà lọ́wọ́ wa ni, àbí ẹni tí ìṣòro wà lọ́rùn rẹ̀? Àwọn baba wa ti dá wa lóhùn tipẹ́. Wọ́n ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Bí abẹ rẹ bá mú ju abẹ gbogbo ayé lọ, tí olórí kò bá jókòó síwájú rẹ, kí lo fẹ́ fá? Abẹ ni ìmọ̀ ẹ̀rọ. Àtinúdá ni ọwọ́ tó mọ abẹ lò. Olórí ńkọ́? Ìbéèrè tí mo gbé wá lónìí nìyẹn, ẹ ó sì gbọ́ ọ títí yóò fi sú yín.

Àwọn tó jẹ́ kí olórí sọ̀rọ̀

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Kẹ́ńyà. Ní ìparí ọdún 2007 wọ́n dìbò ààrẹ níbẹ̀, èsì ìbò sì dá ìjà sílẹ̀. Wọ́n ń jó ilé, wọ́n ń pa ènìyàn, ìjọba sì ní kí àwọn ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n má ṣe gbé ohun tó ń lọ sáfẹ́fẹ́ lójú ẹsẹ̀. Obìnrin agbẹjọ́rò kan wà tó máa ń kọ ìròyìn sórí ayélujára, Ory Okolloh lorúkọ rẹ̀. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohun tí ojú wọn rí ránṣẹ́ sí i, títí apá rẹ̀ ò fi ká a mọ́. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2008 ó kọ ọ́ síta pé, ǹjẹ́ kò sí ẹni tó lè bá wa ṣe àwòrán ilẹ̀ tí a ó máa fi àmì sí ibi tí ìjà ti ń ṣẹlẹ̀? Erik Hersman, Juliana Rotich, David Kobia àti àwọn mìíràn dá a lóhùn. Láàárín ọjọ́ mélòó kan péré, ó ti jáde. Wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Ushahidi. Ẹ̀rí ni ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Swahili.

Ẹ jẹ́ ká tú u wò. Kí ló wà nínú rẹ̀? Àwòrán ilẹ̀ tó ti wà lórí ayélujára tẹ́lẹ̀ ni, àti àtẹ̀jíṣẹ́ tí fóònù tó kéré jù lọ lè fi ránṣẹ́. Kò sí ohun tí ẹnì kan ò tíì rí rí nínú méjèèjì. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó ló ń ròyìn iná. Wọn ò dúró de oníròyìn láti òkèèrè kó wá sọ fún wọn pé ilé wọn ń jó.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ kejìlá oṣù kìn-ín-ní ọdún 2010, ilẹ̀ mì tìtì ní Haiti. Ọ̀pọ̀ ilé ní Port-au-Prince, olú ìlú wọn, wó lulẹ̀. Àwọn agbẹ̀mílà ń bọ̀ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè, ṣùgbọ́n wọn ò mọ̀nà, nítorí àwòrán ìlú náà tó wà lórí ayélujára fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. OpenStreetMap wà nígbà náà, àwòrán ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún ṣe, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì ní 2004. Àwọn tó ni àwòrán sátẹ́láìtì ṣí i sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún olùyọ̀ǹda, tí ọ̀pọ̀ wọn ò dé Haiti rí láyé, jókòó sílé wọn, wọ́n ń fa ìlà lé òpópónà kọ̀ọ̀kan, ilé kọ̀ọ̀kan, afárá kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ díẹ̀ ni, àwòrán yẹn sì ni àwọn agbẹ̀mílà ń tẹ̀ lé.

Gbogbo ayé ló ń sọ apá ibi tí mo sọ yìí. Apá tí èmi fẹ́ràn jù ni ti nọ́ńbà 4636. Wọ́n ya nọ́ńbà yìí sọ́tọ̀ kí ẹni tó bá nílò ìrànlọ́wọ́ lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i. Àtẹ̀jíṣẹ́ ń wọlé, àmọ́ èdè Creole ni! Mélòó nínú àwọn agbẹ̀mílà ló gbọ́ Creole? Àwọn ọmọ Haiti tó ń gbé òkè òkun ló gbà á ṣe. Wọ́n ń túmọ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án lóru, wọ́n sì ń sọ ibi tí àdúgbò wà, torí ẹni tí kò gbé ibẹ̀ rí kò lè mọ orúkọ tí àwọn ará àdúgbò ń pe ara wọn. Bí kò bá sí àwọn tó gbọ́ èdè yẹn, sátẹ́láìtì ì bá kàn máa wò wọ́n látòkè ni. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ètò orí kọ̀ǹpútà, ẹni tó gbọ́ èdè kò kéré sí yín. Ẹ jẹ́ kó jókòó síwájú.

Òkété tó gba àmì ẹ̀yẹ

Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ìmọ̀ ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ní wáyà, ẹ dẹtí. Ọmọ ilẹ̀ Belgium kan wà, Bart Weetjens, tó máa ń sin eku nígbà èwe rẹ̀. Nígbà tó dàgbà, ọ̀rọ̀ bọ́ǹbù tí wọ́n rì mọ́ ilẹ̀ lásìkò ogun kò jẹ́ kó sùn. Ogun á parí, àwọn ológun á lọ, bọ́ǹbù á ṣì wà nílẹ̀ tí yóò máa dúró de ẹsẹ̀ àgbẹ̀ àti ẹsẹ̀ ọmọdé. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wá a wọ́n, òkèèrè ni wọ́n ti ń gbé e wá, irin ló sì ń wá. Tó bá rí agolo, á pariwo, tó bá rí ìṣó, á pariwo. Weetjens rò ó pé kí ló wà nítòsí àwọn tí ìṣòro yìí bá, tí owó rẹ̀ kò pọ̀, tí àwọn fúnra wọn lè kọ́, tí wọ́n sì lè tọ́jú? Ó rántí eku.

Ní 1997 wọ́n dá àjọ APOPO sílẹ̀, ibùdó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wọn sì wà ní Morogoro, ní Tanzania. Eku wo ni wọ́n wá ń kọ́? Òkété! Ẹ má rẹ́rìn-ín. Òkété gan-an ni, èyí tí a ń bú pé ó bá Ifá mulẹ̀, ó da Ifá. Ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran, ṣùgbọ́n imú rẹ̀! Òórùn ohun tó ń bú gbàù nínú bọ́ǹbù ló ń gbọ́, kò bìkítà fún agolo àti ìṣó. Tó bá gbọ́ òórùn náà, á fi èékánná ha ilẹ̀. Wọ́n á ṣe "kẹ́" lẹ́nu ẹ̀rọ kékeré kan, wọ́n á fún un ní ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kò sì wúwo tó ohun tó lè mú bọ́ǹbù bú, ó ń rìn kọjá lórí ikú bí ẹni ń lọ sóko.

Ọ̀kan nínú wọn, Magawa, ṣiṣẹ́ ní Cambodia. Ilẹ̀ tó fẹ̀ tó pápá téńìsì kan, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ló fi ń gbọ́ òórùn rẹ̀ tán. Ẹni tó gbé ẹ̀rọ irin dání lè lo ọjọ́ mẹ́rin lórí rẹ̀. Ní 2020, àjọ PDSA tó ń tọ́jú ẹranko ní Gẹ̀ẹ́sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ oníwúrà. Òun ni eku àkọ́kọ́ tó gba irú rẹ̀. Bọ́ǹbù abẹ́ ilẹ̀ mọ́kànléláàádọ́rin (71) ló rí kó tó fẹ̀yìn tì ní 2021, yàtọ̀ sí àwọn ohun ìjà mìíràn tí kò tíì bú. Ó kú ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022. Àwọn ìbátan rẹ̀ sì wà ní Tanzania tó ń gbóòórùn kẹ̀lẹ̀bẹ̀ láti wá ikọ́ ẹ̀gbẹ tí àyẹ̀wò ilé ìwòsàn fò.

Ṣé ẹ rí i? Ẹni tó ń wá àtinúdá lókè téńté, ó lè wà nínú ihò lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Àwọn tó fárí lẹ́yìn olórí

Mo ti yìn, ẹ jẹ́ kí n bú díẹ̀. Láàárín àwọn ọdún 1990, ọgbọ́n kan jáde ní South Africa tí wọ́n ń pè ní PlayPump. Ẹ fojú inú wò ó: ohun ìṣeré tí àwọn ọmọdé máa ń dì mú tí wọ́n á sì máa yí po, wọ́n so ó mọ́ kànga. Bí ọmọ ṣe ń yí i, omi ń gòkè lọ sínú táǹkì. Wọ́n á lẹ ìpolówó mọ́ ara táǹkì, owó ìpolówó ni wọn ó máa fi tún un ṣe. Ọmọ ń ṣeré, ìyá ń rómi. Ta ni kò ní pàtẹ́wọ́? Èmi náà pa á, mi ò ní purọ́ fún yín. Ní 2006, ìjọba Amẹ́ríkà àti àwọn àjọ onígbọ̀wọ́ ṣèlérí mílíọ̀nù mẹ́rìndínlógún ó lé dọ́là fún un. Wọ́n ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin rẹ̀ ni àwọn fẹ́ rì sí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà kó tó di 2010.

Nísinsìnyí, ẹ bá mi ronú bí ẹni tó ń pọnmi. Ìgbà wo ni a ń pọnmi? Ní ìdájí. Ìgbà wo ni ọmọdé ń ṣeré? Nígbà tó bá wù ú! Ṣé ìyá á lọ jí ọmọ ọlọ́mọ láago márùn-ún pé kó wá ṣeré kí òun lè rómi se oúnjẹ? Nǹkan mìíràn tún wà. Ohun ìṣeré tó ń yí máa ń dùn torí pé tí o bá ti tì í lẹ́ẹ̀kan, á máa sáré lọ fúnra rẹ̀. Èyí ń gbé omi, nítorí náà kì í sáré. Bí o bá dáwọ́ dúró, á dúró. Kò pẹ́ tó fi sú àwọn ọmọ. Ta ló wá ń yí i? Àwọn ìyá, àwọn ìyá àgbà, tí wọ́n tẹ̀ ba, tí wọ́n ń ti ohun ìṣeré ọmọdé yíká kí korobá wọn lè kún. Ní ibòmíràn, wọ́n ti hú ẹ̀rọ ìfami tí wọ́n ń fi ọwọ́ fà tẹ́lẹ̀ kúrò kí wọ́n tó ri èyí. Nígbà tó bá bàjẹ́, kò sí ará abúlé tó lè tún un ṣe.

Ìwé ìròyìn Guardian ti Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìṣirò rẹ̀ ní 2009: kí omi tó lè tó iye ènìyàn tí wọ́n ṣèlérí rẹ̀ fún, àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ máa ṣeré fún wákàtí mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lóòjọ́. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n! Ta ló fẹ́ yá wọn ní wákàtí mẹ́ta tó kù? Ká má ṣe fi èké kún un, àjọ Case Foundation tó wà lára àwọn onígbọ̀wọ́ rẹ̀ jáde ní 2010, wọ́n sọ ọ́ ní gbangba pé ibi tí àwọn ń lọ kọ́ ni àwọn dé. Àjọ mélòó ló lè ṣe bẹ́ẹ̀? Púpọ̀ nínú wa, bí iṣẹ́ bá bàjẹ́, àwòrán ọjọ́ tí a gé rìbọ́ọ̀nù la máa ń tún gbé jáde.

Ti kọ̀ǹpútà alágbèéká ọgọ́rùn-ún dọ́là tí Nicholas Negroponte, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Amẹ́ríkà, kéde ní 2005, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Peru ra ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún rẹ̀ fún àwọn ọmọ iléèwé. Nígbà tí wọ́n ṣe ìwádìí jáde ní 2012, máàkì ìṣirò àti ti èdè àwọn ọmọ náà kò yàtọ̀ sí ti àwọn tí kò gbà. Kọ̀ǹpútà dé kíláàsì, olùkọ́ ń wò ó, òun náà ń wo olùkọ́.

Fídíò méjì

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ibi tiyín la dé yìí. Ní oṣù kẹta ọdún 2012, àjọ Invisible Children gbé fíìmù ọgbọ̀n ìṣẹ́jú jáde lórí Joseph Kony, ọ̀gá àwọn tó ń jí ọmọdé gbé sógun. Ọjọ́ mẹ́fà péré, wọ́n ti wò ó ní ìgbà tó ju ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù lọ. Nígbà náà, kò sí ohun tó tíì tàn báyẹn rí. Àmọ́ nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí Lira ní àríwá Uganda, tí wọ́n ta aṣọ funfun sí gbangba kí àwọn tí Kony pa lọ́mọ gan-an wò ó, inú bí wọn. Ènìyàn òkèèrè ni olú nínú fíìmù náà, ojú Kony ló sì wà lára aṣọ àti pátákó bí ẹni pé olókìkí ni. Kony ti kúrò ní Uganda ní nǹkan bí ọdún mẹ́fà ṣáájú ìgbà náà. Ilé tó wó ni wọ́n ń tún kọ́. Àwọn kan sọ òkúta, wọ́n sì pa fíìmù náà.

Ẹ wá fi wé ti 2014, ìgbà tí gbogbo ayé ń da omi dídì sórí ara wọn nínú fídíò láti fi kó owó jọ, èyí tí wọ́n pè ní Ice Bucket Challenge. Ẹ rántí? Àwa kan rò pé eré lásán ni. Pat Quinn àti Pete Frates, tí wọ́n mú un gbilẹ̀, àrùn ALS náà ló ń ṣe wọ́n, èyí tó máa ń gba agbára ara ènìyàn díẹ̀díẹ̀ títí kò fi ní lè mí. Àwọn olórí gan-an ló mú abẹ dání! Mílíọ̀nù márùn-úndínlọ́gọ́fà (115) dọ́là ló wọlé fún ẹgbẹ́ ALS ti Amẹ́ríkà láàárín àsìkò náà. Ní 2016, àwọn onímọ̀ tí apá kan owó yẹn tì lẹ́yìn kéde pé àwọn ti rí àbùdá kan, NEK1, tó ní ọwọ́ nínú àrùn náà. Frates kú ní 2019, Quinn kú ní 2020. Eré ni wọ́n fi pè wá, ṣùgbọ́n àwọn kò ṣeré.

Owó àti àṣírí

Mo fẹ́ sáré sọ méjì. Àjọ GiveDirectly ní, bí a kò bá mọ ohun tí olórí nílò, kí ló dé tí a ò kó owó fún un? M-Pesa, ètò ìfowóránṣẹ́ orí fóònù, ti wà ní Kẹ́ńyà láti 2007, orí fóònù ni wọ́n sì ń fi owó ránṣẹ́ sí àwọn aláìní. Gbogbo wa ní wọn ó fi mutí. Wọ́n ṣe ìwádìí, owó ọtí àti tábà kò lé sí i. Wọ́n ra ẹran ọ̀sìn, wọ́n fi páànù kan ilé. Ẹ̀gàn tí a ń gàn wọ́n ló dójú tì wá.

Èkejì ni àṣírí. Ní 1992, olórin Peter Gabriel bá wọn dá àjọ WITNESS sílẹ̀, lẹ́yìn tí ẹnì kan ti fi kámẹ́rà ká ọlọ́pàá mọ́ ibi tí wọ́n ti ń na Rodney King ní Los Angeles lọ́dún tó ṣáájú. Ìrètí wọn ni pé bí kámẹ́rà bá dé ọwọ́ àwọn tí wọ́n ń rẹ́ jẹ, ìwà ìkà á dínkù. Wọ́n wá rí i pé kámẹ́rà tó ń tú àṣírí òṣìkà lè tú àṣírí ẹni tó ń sá fún un pẹ̀lú. Wọ́n ń pariwo rẹ̀ títí YouTube fi gbé ohun tí wọ́n fi ń bo ojú ènìyàn nínú fídíò jáde ní 2012. Ní 2022, ó hàn síta pé àwọn kan ti já wọ inú kọ̀ǹpútà Red Cross àgbáyé, wọ́n rí àkọsílẹ̀ àwọn ènìyàn tó ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún márùn-ún lọ, àwọn tí ogun tú ká, àwọn tó ń wá ọmọ wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ní kí aláìní kọ orúkọ, kó tẹ̀ka, kó ya fọ́tò kí ẹ tó fún un ní oúnjẹ, ibo lẹ ń kó o sí?

Tèmi

Ẹni tó bá ń sọ ti ẹlòmíì tí kò sọ tirẹ̀, òfófó ló ń ṣe. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Mo bá àjọ kékeré kan ṣiṣẹ́ rí. A ṣe áàpù kan tí yóò máa rán àwọn ìyá létí ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ wọn. Ó rẹwà! Bí ìránnilétí bá wọlé, ẹ̀rín ọmọ ìkókó ni yóò máa dún nínú fóònù. Èmi ni mo mú ìmọ̀ràn ẹ̀rín yẹn wá, ẹ má bi mí bí mo ṣe yangàn tó. Oṣù mẹ́ta kọjá, àwọn ìyá kò wá. Mo wá dìde lọ bá ọ̀kan nínú wọn nílé. Ó ń fọ abọ́, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀.

Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ṣé ẹ rí ìránnilétí tí a fi ránṣẹ́ sínú fóònù yín?"

Ó nu ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Fóònù wo, sà?"

"Èyí tí ẹ fún wa ní nọ́ńbà rẹ̀."

"Ti bàbá ọmọ mi ni. Ó ń gbé e jáde láàárọ̀, alẹ́ ló ń gbé e wọlé. Áà, ṣé ẹ̀yin lẹ ń fi ẹ̀rín ọmọ ránṣẹ́? Ibi iṣẹ́ ló ti ń dún sà. Wọ́n ti sọ ọ́ ní Bàbá Ìkókó níbẹ̀."

Mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ gbé ojú sí. Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tó yẹ kí n ti béèrè lọ́dún kan sẹ́yìn. Fóònù ń wọlé láago mélòó? Ta ló ń kàwé nínú ilé? Ohùn ta ni ẹ máa ń gbọ́ tí ẹ fi ń dìde? Òun ló sọ fún mi pé kí a fi áàpù sílẹ̀, kí a máa pè wọ́n lálẹ́, kí a sì gba ohùn nọ́ọ̀sì tó ń gún ọmọ wọn lábẹ́rẹ́ sílẹ̀, torí òun ni gbogbo àwọn máa ń bẹ̀rù. Ohun tí a ṣe nìyẹn. Kò rẹwà. Kò sí ẹ̀rín ọmọ nínú rẹ̀. Onígbọ̀wọ́ kan tiẹ̀ ní kò ní hàn dáadáa nínú fọ́tò.

Nígbà tí mo padà lọ síbẹ̀, ọkọ rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Kí n tó kí i tán, ó ti ń sọ pé, "Ọjọ́bọ̀ ni ti ọmọ wa. Nọ́ọ̀sì ti pè mí. Mo ti gbàyè níbi iṣẹ́, èmi ni mò ń gbé e lọ."

Alága, mo rí i pé ẹ ń wo aago. Ẹ má bínú. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó nawọ́. Ìyá tó jókòó lẹ́yìn lọ́hùn-ún yẹn ti ń mirí láti ìgbà tí mo ti ń sọ ti omi, tiwọn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ gbọ́.